Àwọn Ọmọ Fifth Ward: Ohun Tó Gbé Ẹgbẹ́ The Crusaders Ró, àti Ohun Tó Tú U Ká

Ní ọdún 1971, ẹgbẹ́ olórin kan tó ti ń gbé àwo orin jáde fún ọdún mẹ́wàá lábẹ́ orúkọ The Jazz Crusaders yọ Jazz kúrò nínú orúkọ náà. Ó ku The Crusaders. Láti ìgbà náà ni ọ̀pọ̀ àwọn tó ń kọ̀wé lórí orin jáàsì ti máa ń la ìtàn ẹgbẹ́ yìí sí méjì: wọ́n á ní ìgbà àkọ́kọ́ ni wọ́n ṣe iṣẹ́ ọnà, ìgbà kejì ni wọ́n ṣòwò. Mi ò gbà bẹ́ẹ̀. Ẹ̀rí tó wà nínú àwo orin wọn, nínú àdúgbò tí wọ́n ti wá, àti nínú iṣẹ́ tí wọ́n fi ń jẹun, fi hàn pé orin tí wọ́n ṣe lẹ́yìn 1971 gan-an ni orin tí wọ́n bá dàgbà. Ohun tó gbé ẹgbẹ́ náà ró ni àjọṣe àwọn ọ̀rẹ́ mẹ́rin tí wọ́n jọ kàwé nílé ìwé kan náà. Ìgbà tí àjọṣe yẹn já ni agbára ẹgbẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í dín kù, ìyẹn sì ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn tí orúkọ ti yí padà fún ọdún mélòó kan, tí ẹgbẹ́ sì wà nínú ògo rẹ̀.

Houston ní ìpínlẹ̀ Texas ni ọ̀rọ̀ ti bẹ̀rẹ̀. Fifth Ward jẹ́ àdúgbò tí àwọn aláwọ̀ dúdú tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bọ́ lóko ẹrú tẹ̀dó sí lẹ́yìn ogun abẹ́lé Amẹ́ríkà. Nígbà tó yá, àwọn Creole láti Louisiana wá dara pọ̀ mọ́ wọn, wọ́n sì gbé orin ijó wọn lọ́wọ́ wá. Irú ìdílé Creole bẹ́ẹ̀ ni Joe Sample, atẹ-dùùrù ẹgbẹ́ yìí, ti jáde. Àdúgbò yìí kan náà ni Don Robey fi ilé iṣẹ́ àwo orin rẹ̀, Peacock Records, sí, ilé iṣẹ́ tó jẹ́ pé àwọn akọrin ìjọ bíi Dixie Hummingbirds àti akọrin blúùsì bíi Big Mama Thornton jọ ń gba ẹnu ọ̀nà kan náà wọlé. Ẹ jẹ́ ká fi èyí sọ́kàn, nítorí ó ṣe pàtàkì sí gbogbo ohun tó kù. Ní Fifth Ward, orin ṣọ́ọ̀ṣì, orin ilé ọtí àti orin àwọn afọnfèrè ńlá kò fi ògiri sáàárín ara wọn. Illinois Jacquet àti Arnett Cobb, tí wọ́n sọ sasofóònù tẹ́nọ̀ àwọn ará Texas di ohun tí gbogbo Amẹ́ríkà ń gbọ́ ní àwọn ọdún 1940, Houston ni wọ́n dàgbà sí. Ohùn fèrè wọn tóbi, ó ń ké, ó ń bẹ̀bẹ̀, ó sì máa ń mú kí èèyàn dìde jó. Ohùn yẹn ni Wilton Felder, afọnsasofóònù ẹgbẹ́ yìí, gbọ́ dàgbà.

Ilé ẹ̀kọ́ girama Phillis Wheatley ni àwọn ọmọ náà ti pàdé ní àwọn ọdún 1950. Orúkọ obìnrin tí wọ́n kó lẹ́rú láti Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà nígbà èwe rẹ̀ ni ilé ìwé náà ń jẹ́, ẹni tó di akéwì ní Boston, tí ìwé ewì rẹ̀ sì jáde ní 1773. Stix Hooper, tí wọ́n bí ní 1938, ló dá ẹgbẹ́ àkọ́kọ́ sílẹ̀. Òun ló ń lùlù. Sample wà níbi dùùrù, Felder sì ń fọn sasofóònù. Swingsters ni wọ́n ń pe ara wọn. Lẹ́yìn náà ni Wayne Henderson gbé tróḿbóònù rẹ̀ wọlé, Hubert Laws mú fèrè flúùtù wá, wọ́n sì yí orúkọ padà sí Modern Jazz Sextet. Laws kò bá wọn dé ibi tí wọ́n ń lọ, torí ó wá bá ọ̀nà ẹ̀kọ́ orin kíláásíkà lọ sí Juilliard ní New York. Àwọn mẹ́rin tó kù ni ìpìlẹ̀. Ẹ kíyè sí i pé ẹgbẹ́ yìí ti jẹ́ orúkọ méjì ṣáájú kí ayé tó gbọ́ èyí tó gbajúmọ̀, kò sì sí ẹni tó sọ pé ìyípadà yẹn jẹ́ ọ̀dàlẹ̀.

Nígbà tí wọ́n kó lọ sí Los Angeles ní nǹkan bí ìparí àwọn ọdún 1950, orúkọ kẹta tún dé. Nite Hawks ni wọ́n ń jẹ́ nígbà náà, orin ijó ni wọ́n sì ń ṣe láti fi rówó jẹun. Ibi tí ìtàn onípín méjì yẹn ti kọ́kọ́ kọsẹ̀ nìyí. Bí a bá ní wọ́n kúrò nídìí iṣẹ́ ọnà lọ sídìí orin ijó ní 1971, kí ni ká pe ohun tí wọ́n ń ṣe ní 1960? Richard Bock, tó ni ilé iṣẹ́ Pacific Jazz, ló gbà wọ́n wọlé, tí àwo àkọ́kọ́ wọn, "Freedom Sound", sì jáde ní 1961. Ìgbà yẹn ni ẹgbẹ́ Art Blakey, The Jazz Messengers, wà lókè téńté, orúkọ tuntun tí àwọn ọmọ Texas yìí mú, The Jazz Crusaders, sì bá ti Blakey ṣe wẹ́kú. Pacific Jazz ń ta jáàsì fún àwọn tó ń ra jáàsì, torí náà ó tọ́ kí orúkọ náà hàn gbangba lára àwo. Ṣùgbọ́n ẹ gbé "Freedom Sound" sétí. Roy Gaines, ọmọ Texas tó ń ta gìtá blúùsì, wà lórí rẹ̀. Ẹgbẹ́ jáàsì tó bá fẹ́ ya ara rẹ̀ sọ́tọ̀ kúrò lára blúùsì kò ní pe ẹni bẹ́ẹ̀ wá síbi àwo orin rẹ̀ àkọ́kọ́.

Ohun kan wà tó sọ wọ́n di ẹni tí etí ń dá mọ̀ kíá. Ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ jáàsì ìgbà náà máa ń fi tróńpẹ́ẹ̀tì àti sasofóònù ṣíwájú. Ní ti àwọn wọ̀nyí, tróḿbóònù Henderson àti tẹ́nọ̀ Felder ni wọ́n fi ṣíwájú, ohùn méjèèjì sì wà nítòsí ara wọn débi pé nígbà tí wọ́n bá jọ fọn ewì orin kan náà, ńṣe ló máa ń dà bíi pé ọkùnrin méjì tó ti jọ kọrin ní ṣọ́ọ̀ṣì láti kékeré ló gbé e papọ̀. Kò sí dídán tó ń gún etí níbẹ̀, ohùn àyà ni. Ohùn yẹn wà nínú "Freedom Sound", ó wà nínú àwọn àwo tí wọ́n ká sílẹ̀ níwájú èrò ní ilé ìgbafẹ́ Lighthouse ní Hermosa Beach, ó sì wà nínú "Southern Comfort" ti 1974. Ẹni tó bá ń wá ibi tí ẹgbẹ́ náà ti pín sí méjì ní láti sọ fún wa bí ohùn kan ṣe gba ìhà méjèèjì kọjá láìyẹ̀.

Láàárín 1961 sí 1969, àwo tó ju méjìlá lọ ni wọ́n ṣe fún Pacific Jazz. Nínú àwọn tó gbẹ̀yìn níbẹ̀, wọ́n ti ń fi jáàsì ṣe orin àwọn Beatles: "Eleanor Rigby" wà lórí "Lighthouse '68", "Hey Jude" sì wà lórí "Powerhouse". Orúkọ Jazz ṣì wà lára wọn nígbà yẹn, síbẹ̀ orin tí gbogbo ayé ń kọ lójú títì ni wọ́n ń mú wọ ilé. Owó tó ń wá láti inú àwo jáàsì kéré, ó sì ń dín kù sí i bí orin rọ́ọ̀kì àti sóòlù ṣe ń gba ọjà. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi gba iṣẹ́ mìíràn mọ́ ọn, iṣẹ́ tí mo rò pé ó ṣe pàtàkì jù nínú ìtàn ẹgbẹ́ yìí, tí àwọn tó ń kọ̀wé sì máa ń fi gbólóhùn kan sáré kọjá lórí rẹ̀.

Iṣẹ́ stúdíò ni mò ń sọ. Los Angeles ti di ibi tí wọ́n ti ń ṣe àwo orin fún gbogbo Amẹ́ríkà, àwọn akọrin tó lórúkọ sì nílò àwọn òṣèré tó lè wọlé ní àárọ̀, ka orin tí wọn kò rí rí, kí wọ́n sì ṣe é kó dùn kí ọ̀sán tó pọ́n. Àwọn ọmọ Houston yìí mọ̀ ọ́n ṣe. Gìtá béèsì tó ń fò sókè sódò nínú "I Want You Back", orin tí Jackson 5 fi di gbajúmọ̀ ní 1969, Wilton Felder ló ta á. Joe Sample sì wà níbi dùùrù níbẹ̀. Àwọn méjèèjì tún bá Joni Mitchell ṣe "Court and Spark" tó jáde ní 1974. Nígbà tí Steely Dan ń ṣe "Aja" ní 1977, Sample wà níbẹ̀, Larry Carlton tó ń bá Crusaders ta gìtá náà sì wà níbẹ̀. Ọ̀kẹ́ àìmọ́ye èèyàn tí kò ra àwo Crusaders kankan rí ló ti jó sí ìka ọwọ́ wọn láìmọ̀.

Àwọn alátakò máa ń mú ọ̀rọ̀ stúdíò yìí gẹ́gẹ́ bí ẹ̀rí pé owó ti gba ọkàn wọn. Èmi rí i ní òdì kejì. Ẹgbẹ́ tó bá gbára lé owó àwo tirẹ̀ nìkan ní láti ṣe ohun tí ilé iṣẹ́ bá fẹ́, tàbí kó tú ká. Ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ jáàsì ọdún 1960 ló sì tú ká. Owó stúdíò ló jẹ́ kí mẹ́rin yìí lè wà pọ̀ láì bẹ ẹnikẹ́ni. Ó tún kọ́ wọn ní ọgbọ́n iṣẹ́. Felder tó ń fọn sasofóònù di ọ̀gá nídìí gìtá béèsì, èyí tó wúlò púpọ̀ fún ẹgbẹ́ tí kò ní béèsì tirẹ̀ tó dúró. Nínú ọ̀pọ̀ àwo ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1970, òun fúnra rẹ̀ ló ta béèsì sílẹ̀, tó tún fọn fèrè lé e lórí. Ọwọ́ Hooper náà yí padà. Ẹni tó ti ń fi páànù ìlù tẹ́lẹ̀ orin jáàsì káàkiri wá mọ bí a ṣe ń jókòó sórí ìlù kan, tí a ó dá a dúró, tí gbogbo ara ó sì máa retí èyí tó ń bọ̀. Láìsí ìkọ́ṣẹ́ yẹn, orin tó tẹ̀lé 1971 kò ní lè wà.

Afárá tí wọ́n gbà sọdá sí ìgbà tuntun náà gba ọ̀dọ̀ ọmọ Áfíríkà kan kọjá. Hugh Masekela, afọntróńpẹ́ẹ̀tì ọmọ Gúúsù Áfíríkà tó wà ní ìgbèkùn, àti Stewart Levine ọ̀rẹ́ rẹ̀, ló ni ilé iṣẹ́ Chisa, ibẹ̀ sì ni ẹgbẹ́ náà ti ṣe "Old Socks New Shoes" ní 1970 àti "Pass the Plate" ní 1971. Levine ló wá ń darí iṣẹ́ àwo wọn láti ìgbà náà, òun sì ló bá wọn dé ilé iṣẹ́ Blue Thumb. Ọ̀nà kan náà ló so wọ́n pọ̀ mọ́ Èkó, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọ̀nà náà ṣẹ́kọ́rọ́. Fẹlá Aníkúlápó-Kútì ló mú Masekela mọ Hedzoleh Soundz, ẹgbẹ́ àwọn ọmọ Gánà, Èkó sì ni wọ́n ti jọ ṣe àwo wọn àkọ́kọ́ ní 1973. Nígbà tí Masekela ṣe àwo tó tẹ̀ lé e, "I Am Not Afraid", Joe Sample àti Stix Hooper wà níbẹ̀ pẹ̀lú àwọn onílù Gánà wọ̀nyẹn.

"Crusaders 1" jáde ní 1972. Sample ló kọ "Put It Where You Want It" tó wà lórí rẹ̀, orin yìí sì ni èmi yóò gbé síwájú ẹnikẹ́ni tó bá ní wọ́n ti pàdánù ara wọn. Dùùrù oníná ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, pẹ̀lú gbólóhùn kúkúrú kan tó ń yí po, tó ní ìyọ̀ blúùsì lára. Gìtá dá a lóhùn, ìlù jókòó, lẹ́yìn náà ni tróḿbóònù àti tẹ́nọ̀ wọlé papọ̀ bí wọ́n ṣe máa ń wọlé láti ọdún 1961. Kò sí ohun kan níbẹ̀ tí Fifth Ward kò mọ̀. Orin náà wọ inú ọgọ́rùn-ún orin tó ń tà jù ní Amẹ́ríkà láìsí akọrin kankan lórí rẹ̀, àwọn Average White Band, ẹgbẹ́ àwọn ọmọ Scotland, sì tún un ṣe lọ́dún tó tẹ̀ lé e. Ní oṣù kẹsàn-án 1974, wọ́n wà lórí pèpéle ní Kinshasa níbi àríyá orin Zaire 74 tí Masekela àti Levine ṣètò, èyí tó yẹ kó bá ìjà Muhammad Ali àti George Foreman rìn. Foreman náà, Fifth Ward ló dàgbà sí. Ní 1975, àwọn kan náà ló ń ṣíwájú Rolling Stones níwájú èrò ńlá.

Àtakò kan wà tó lẹ́sẹ̀ nílẹ̀ tí mi ò ní fojú fò. Ẹni tó bá gbọ́ "The Young Rabbits", orin Henderson láti ìgbà Pacific Jazz, yóò gbọ́ eré àsápajúdé, ọgbọ́n àtinúdá lójú ẹsẹ̀, àti ewu tí òṣèré ń fi ara rẹ̀ wu níwájú èrò. Irú rẹ̀ kò sí nínú àwọn àwo ọdún 1970, a sì ní láti gbà pé ohun iyebíye kan lọ. Síbẹ̀, ohun tí wọ́n pàdánù yẹn kọ́ ni ìpìlẹ̀ wọn. Àwọn tó yára jù wọ́n lọ wà ní New York, tí àwọn náà sì mọ̀. Ohun tí ẹlòmíràn kò ní ni bí àwọn mẹ́rin ṣe ń mí papọ̀, èyí sì lágbára sí i nígbà tí orin rọlẹ̀. Larry Carlton, ọmọ Kalifóníà tó jẹ́ òyìnbó, ló fi hàn mí pé òótọ́ ni: nígbà tó wọlé, ẹgbẹ́ náà kò gba ìrísí rẹ̀, òun ló kọ́ bí wọ́n ṣe ń dákẹ́, bí wọ́n ṣe ń ju ọ̀rọ̀ kan péré síbi tó ti yẹ. Ilé tó bá ti ṣubú kì í lè kọ́ àlejò ní ìwà.

Ohun tó tú ilé náà ká dé ní àárín àwọn ọdún 1970, nígbà tí Wayne Henderson fi ẹgbẹ́ sílẹ̀ láti máa darí iṣẹ́ àwo fún àwọn ẹlòmíràn. Mi ò dá a lẹ́bi, torí iṣẹ́ tó ṣe dára: òun ló darí "Pressure Sensitive" fún Ronnie Laws, àbúrò Hubert, ní 1975. Ṣùgbọ́n nígbà tí "Free as the Wind" jáde ní 1977, kò sí ẹni tí yóò bá Felder gbé ohùn méjì tó ń dà bí ọ̀kan yẹn mọ́. Àwọn tó kù kò gbìyànjú láti rọ́pò rẹ̀. Carlton náà ti ń lọ. Àwọn mẹ́ta wá kún ààyè tó ṣófo pẹ̀lú okùn violin, pẹ̀lú fèrè alágbàṣe, àti níkẹyìn pẹ̀lú ohùn akọrin.

"Street Life" ti 1979 ni gbogbo ayé fi mọ̀ wọ́n. Sample ló kọ ohùn rẹ̀, Will Jennings kọ ọ̀rọ̀ rẹ̀, Randy Crawford sì kọ ọ́, gbogbo rẹ̀ lé ní ìṣẹ́jú mọ́kànlá lórí àwo. Ó dé ipò karùn-ún ní Britain, ó dé ipò kẹrìndínlógójì ní Amẹ́ríkà. Orin ńlá ni, mo sì gbàgbọ́ pé orin ìlú ńlá tó jinlẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ kò pọ̀ nígbà náà. Àmọ́ àṣeyọrí rẹ̀ di àṣà. Bill Withers wá kọrin fún wọn ní 1980, Joe Cocker wá ní 1981, B.B. King sì bá wọn wà pẹ̀lú Royal Philharmonic ní London fún "Royal Jam". Lọ́kọ̀ọ̀kan, orin náà dára. Lápapọ̀, olórin tó ń gba àlejò ní ọdọọdún ti ń di ẹni tó ń ṣe stúdíò fún ara rẹ̀, tí ọgbọ́n tó fi gba ẹgbẹ́ là tẹ́lẹ̀ sì wá ń jẹ ẹgbẹ́. Bí àwọn alátakò bá sọ pé níbí ni wọ́n ti yà kúrò lọ́nà, mo lè bá wọn rìn díẹ̀. Ohun tí mi ò gbà ni pé 1971 ló fà á. Láàárín 1972 sí 1975, fọ́ńkì ń bẹ, owó ń bẹ, orúkọ ti kúrú, ẹgbẹ́ sì wà ní odindi.

Hooper lọ ní 1983. Sample àti Felder gbé orúkọ náà fún ìgbà díẹ̀ sí i, onílù mìíràn jókòó sí àga Hooper, wọ́n sì ṣe "Healing the Wounds" ní 1991. Nígbà tó di àárín àwọn ọdún 1990, Henderson gbé orúkọ àtijọ́, Jazz Crusaders, dìde padà lọ́tọ̀, ó sì ń ṣe àwo lábẹ́ rẹ̀. Èyí ló yẹ kó parí iyàn náà fún ẹni tó gbà pé ọ̀rọ̀ Jazz ni ẹ̀mí ẹgbẹ́: orúkọ pípé padà wálé, síbẹ̀ ohùn ọdún 1961 kò bá a wá, torí Sample kò sí nídìí dùùrù, Hooper kò sí nídìí ìlù. Ní 2003, Sample, Felder àti Hooper ṣe "Rural Renewal", Stewart Levine tún wà nídìí iṣẹ́ náà, Eric Clapton wá ta gìtá. Ẹlòmíràn ló fọn tróḿbóònù. Ní 2010, Sample, Felder àti Henderson jọ rìnrìn àjò eré, Hooper ni kò sí níbẹ̀ lọ́tẹ̀ yìí. Ẹsẹ̀ mẹ́rin náà kò tún pé mọ́ lórí àwo tuntun kankan. Henderson kú ní oṣù kẹrin 2014, Sample ní oṣù kẹsàn-án ọdún kan náà, Felder ní oṣù kẹsàn-án 2015.